Ẹni Tó Di Etí Aṣọ Kejì Mú

Bẹ́díṣíìtì tí àwọn òtẹ́ẹ̀lì ń kó wá fún wa kò ṣeé dá ká. Ó fẹ̀ jù. Ẹnìkan á di etí kan mú, ẹnì kejì á di etí kejì, wọ́n á nà án kó le, wọ́n á ṣẹ́ ẹ po sí méjì, wọ́n á wá máa rìn bọ̀ wá bá ara wọn títí ọwọ́ wọn á fi kanra. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí èmi àti ọkọ mi ṣe pàdé, bó ṣe rí nìyẹn. Ní ilé ìfọṣọ yìí náà ni, nídìí tábìlì gígùn tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Ó gbé aṣọ lọ́wọ́, ó rìn wá bá mi títí kò fi sí ibi tó tún lè rìn dé mọ́, mo sì gbà láti fẹ́ ẹ. Láti ìgbà náà, kò sí ẹlòmíràn tó ń bá a ká aṣọ. Èmi ni mo ni etí kejì.

Wọ́n ní obìnrin òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Irọ́ ni. Èmi lẹ́ran láyà dáadáa, mo sì ń jowú. Ẹni tí kì í jowú ohun tó jẹ́ tirẹ̀, kò mọyì rẹ̀ ni.

Ọkọ mi ń mu sìgá nígbà tí mo fẹ́ ẹ. Èmi ò fi kan ẹnu rí, òórùn rẹ̀ gan-an ń rí mi lára. Ọ̀gá wa náà ò fẹ́ kí òórùn èéfín kan aṣọ oníbàárà, nítorí náà ẹ̀yìnkùlé, lẹ́yìn ilẹ̀kùn onígíláàsì, ni ẹni tó bá fẹ́ mu ún ń lọ. Mo bá ọkọ mi jà, mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún, títí ó fi ju sìgá nù tó ra fépù, ìyẹn sìgá oníbátìrì tí wọ́n ń fa èéfín olóòórùn dídùn nínú rẹ̀. Ó ní òun á fi sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni, bó bá yá òun á fi fépù náà sílẹ̀. Mo ní ó dáa. Ọkùnrin kan ṣoṣo lẹ́yìnkùlé, òun àti èéfín rẹ̀, kí ló kàn mí níbẹ̀?

Àfi ìgbà tí Eyínfúnjowó dé.

Èmi ni mo fún un lórúkọ yẹn, kì í sì í ṣe láti fi yìn ín. Ọ̀gá gbà á síbi tí wọ́n ti ń lọ aṣọ. Ọmọbìnrin ni, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó ga jù mí lọ, eyín rẹ̀ sì funfun bíi pé kò fi jẹun rí. Ẹni tó ti mu sìgá rí, kí ló dé tí eyín rẹ̀ ò pọ́n? Òun náà ń fi fépù lé sìgá lọ ni. Bí ọkọ mi bá ti jáde sẹ́yìnkùlé, kì í pẹ́ tí òun náà á fi tẹ̀ lé e. Èmi á dúró ti tábìlì, etí aṣọ á wà lọ́wọ́ mi, n ó máa wò wọ́n láti inú gíláàsì. Wọ́n á sọ̀rọ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín? Ọkọ tèmi tí kì í sọ ju gbólóhùn kan lọ nídìí oúnjẹ!

Nínú iṣẹ́ tiwa, imú ló kọ́kọ́ ń mọ ohun tó wà lára aṣọ. Lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ fọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ mi nílé, mo gbé e símú. Fépù tirẹ̀, òórùn mínńtì ló ní. Ohun tó wà ní kọ́là rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀pẹ̀yìnbó ni. Èmi sì mọ ẹni tó ń rùn bí ọ̀pẹ̀yìnbó níbi iṣẹ́ wa.

"Olówó orí mi," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ bá jẹ ọ̀pẹ̀yìnbó lónìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Fépù ọmọ yẹn ni. Omi inú fépù tèmi ló tán, ó ní kí n fa tiẹ̀ wò."

"Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu ẹ̀ bọ́, ẹ gbé e sẹ́nu yín?"

"Ó fi aṣọ nù ún."

Ó fi aṣọ nù ún! Mo tún un sọ fún ògiri, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí mo lè rojọ́ fún. N ò gbádùn oorun mi. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Mo pinnu pé ibi tí iná yìí bá sá pamọ́ sí, n ó bá a débẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fépù kò jìnnà sí ibùdókọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tà á bi mí bóyá mo ń mu sìgá tẹ́lẹ̀. Mo ní rárá, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

"Kí lẹ wá fẹ́ fi ṣe, àǹtí?"

"Ṣé ọjà lo ń tà ni àbí ò ń wàásù?"

Ó kó oríṣiríṣi jáde, ó ní èyí tí níkótíìnì inú rẹ̀, ìyẹn oró tábà tó máa ń di bárakú, kéré nìyí, èyí tó pọ̀ nìyí. Mo bi í pé èwo làwọn tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ ń rà. Ó tọ́ka sí èyí tó le. Òun ni mo rà. Ṣé kí n lọ dúró ti Eyínfúnjowó kí n mú tọmọdé lọ́wọ́ ni?

Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ṣe jáde, èmi náà jáde. Mo dúró sí àárín wọn gan-an, mo yọ tèmi, mo fà á. Ọ̀fun mi gbiná. Mo wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú mi, orí mi ń yí. Ta ló sì sáré wá gbá mi lẹ́yìn? Eyínfúnjowó.

"Ẹ rọra o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má fà á jinlẹ̀."

Ọkọ mi la ẹnu sílẹ̀. "Ìwọ tí o ò mu sìgá rí láyé ẹ! Kí lo ń wá níbí?"

"Ohun tí ẹ̀yin náà ń wá ni."

"Èmi ń wá bí mo ṣe máa jáwọ́ ni. Ìwọ, kí lo fẹ́ jáwọ́ nínú ẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé kò burú tó sìgá. Àbí mo ti da ọ̀rọ̀ yín rú ni?"

Kò fèsì. Lójú tèmi, ẹni tí kò fèsì ti jẹ́wọ́.

Báyìí ni mo ṣe di ẹni kẹta. Bí wọ́n bá fà á lẹ́ẹ̀kan, n ó fà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sì sí ọ̀rọ̀ gidi kan nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ! Ta ló ti kúrò lórí èyí tó le bọ́ sórí èyí tí kò le, ta ló jí láàárọ̀ tí kò wù ú, bí àwọn ọmọ iléèwé tó ń bá ara wọn du ipò kìíní. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ ti jù mí lọ," Eyínfúnjowó á ní. Bọ̀ọ̀dá mi! Ta ló fún un ní bọ̀ọ̀dá? Owú ìyẹn tilẹ̀ burú ju ti ọ̀pẹ̀yìnbó lọ. Ohun tí mo fi ẹkún bẹ ọkọ mi títí, ọmọ yìí ń fi ẹ̀rín rí i gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

N ò mọ ìgbà tó di pé fépù ni mo ń wá jáde, tí kì í ṣe ọkọ mi mọ́. Mo kàn rí i pé mo ti ń fà á nílé ìdáná, mo ń fà á nílé ìwẹ̀, mo ń fà á kí n tó fọ ẹnu. Bí mo bá gbàgbé rẹ̀ sílé, gbogbo èèyàn á máa bí mi nínú, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n.

Ó wá di ọjọ́ kan, mo jáde sẹ́yìnkùlé, n ò bá ẹnì kankan. Mo fa tèmi, mo dúró, wọn ò dé. Nígbà tí mo bojú wo inú ilé, ọkọ mi wà nídìí tábìlì gígùn, aṣọ funfun nà gbalaja láàárín yàrá, Eyínfúnjowó ló di etí kejì mú. Wọ́n ń rìn bọ̀ wá bá ara wọn.

Mo já wọlé. "Etí aṣọ ta lo dì mú yẹn?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ọkọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ti dé, ọ̀gá ń pariwo, ẹ̀yin ò sì sí nítòsí."

"Mo wà lẹ́yìnkùlé, níbi tí ẹ̀yin méjèèjì máa ń wà!"

"A ò lọ síbẹ̀ mọ́," ọkọ mi ní. Ó ń tijú bí ọmọdé tí wọ́n fún lẹ́bùn. "Àwa méjèèjì ti jáwọ́. Mo fẹ́ kó dá mi lójú kí n tó sọ fún ẹ."

Àwa méjèèjì. Mo gbọ́ ọ, ó gún mi láyà. Mo já etí aṣọ gbà lọ́wọ́ ọmọ náà, mo nà án. Kí a tó ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀kejì, ikọ́ ti gbé mi dè, aṣọ sì bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Aṣọ tí a ti fọ̀ tí a ti lọ̀, àfi ká tún un fọ̀. Ọ̀gá wò mí, kò bú mi. Ó kàn fi orí ṣe àmì sí Eyínfúnjowó pé kó wá máa bá iṣẹ́ lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni mo gbé agbọ̀n aṣọ gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ sí yàrá tí a ti ń sá aṣọ, tí mo sì jókòó sí agbedeméjì ọ̀nà. Àyà mi há, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọkọ mi mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó sì ròyìn fépù tèmi àti tirẹ̀ fún un. Obìnrin ni dókítà náà. Ó gbé ohun èlò rẹ̀ lé mi láyà, ó tẹ́tí sí i.

"Ṣé ẹ ti mu sìgá rí, mà?"

"Láéláé!" Mo fi ìgbéraga sọ ọ́.

"Kí lẹ wá ń fi fépù ṣe?"

Ọkọ mi wo ilẹ̀. Èmi wo àjà. Ta ni yóò sọ fún dókítà pé owú ni?

"Ẹ wò ó," ó ní, "àkàbà ni. Ẹni tó ń mu sìgá wà lókè, ó lè fi fépù sọ̀ kalẹ̀, tó bá máa sọ̀ dé ilẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀yin, ilẹ̀ lẹ wà tẹ́lẹ̀. Kí lẹ ń gùn ún lọ wá lókè?" Ó ní èéfín yẹn kì í ṣe omi lásán, ó lè máa ta ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró, níkótíìnì inú rẹ̀ ń mú ọkàn sáré, ó sì ń so èèyàn mọ́ra. Mo bi í bóyá ẹ̀dọ̀fóró mi ti bàjẹ́. "N ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Nǹkan tuntun ni, àwa gan-an ò tíì mọ gbogbo ohun tó lè ṣe fún ẹni tó bá pẹ́ nídìí ẹ̀. Àmọ́ èyí tá a mọ̀ ti tó láti jáwọ́. Ẹni tí ò mu sìgá rí ò jèrè nǹkan kan níbẹ̀. Ewu nìkan lẹ rà."

Ó wá yíjú sí ọkọ mi, ó kí i kú oríire pé ó jáwọ́, ó bi í pé ta ló ràn án lọ́wọ́. Ọkọ mi ní ọmọ kan níbi iṣẹ́ ni. Dókítà ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, kí èmi náà wá irú rẹ̀. Àyà tó ń dùn mí tẹ́lẹ̀ tún dùn mí sí i.

Mo gbìyànjú láti dá a fi sílẹ̀. Mo jù ú nù, mo lọ ra òmíràn. Mo tún jù ú nù, mo sì padà lọ hú u jáde nínú ìdọ̀tí bí adìyẹ.

Lónìí, mo tún dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn onígíláàsì, fépù wà lọ́wọ́ mi. Mo rí i tí ọwọ́ ọkọ mi àti ti Eyínfúnjowó kanra níparí aṣọ kan, wọ́n gbé e sílẹ̀. Kò sí nǹkan kan láàárín wọn, mo mọ̀, ó sì ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Bí nǹkan kan bá wà ni, ǹ bá rí ẹni bá jà.

Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo pe Eyínfúnjowó. Ó jáde wá.

"Bí ẹ ṣe ṣe é," mo ní, "ìwọ àti... ìwọ àti bọ̀ọ̀dá ẹ. Bí ẹ ṣe jáwọ́ nínú nǹkan yìí. Kọ́ mi."

Ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu mi. Mo fẹ́ kó rẹ́rìn-ín, kí n lè rí ìdí láti kórìíra rẹ̀ dáadáa. Kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́, mo gbé fépù náà lé e, ó sì fi í sínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Láti òní lọ, ẹ̀gbọ́n, tó bá ti ń wù yín, ẹ pè mí. A ó jọ dúró níbí títí á fi kọjá. Bí mo ṣe ṣe é fún bọ̀ọ̀dá mi nìyẹn."

Mo gbé "bọ̀ọ̀dá mi" náà mì, mo sì dúpẹ́.

Nínú ilé, ọkọ mi ti fa aṣọ mìíràn jáde. Ó di etí kan mú, etí kejì wà nílẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wo apá ọ̀dọ̀ wa.

"Ta ló ń bọ̀ wá dì í mú o?"

Èmi ni, ni mo fẹ́ wí. Mo la ẹnu, ikọ́ ló jáde, kò sì fẹ́ dáwọ́ dúró. Mo fi ọwọ́ ti ògiri. Eyínfúnjowó wò mí, ó wo ọkọ mi, ọ̀gá ń pariwo lọ́ọ̀ọ́kán pé ọkọ̀ ń dúró.

"Ẹ jókòó díẹ̀, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Mo ń bọ̀." Ó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé etí kejì nílẹ̀.