Ìpọnbẹ̀ Ọwọ́ Chinatsu

Ó pé ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń ṣe olùrànlọ́wọ́ fún àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ara ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ní erékùṣù Goto, mo sì rò pé mo mọ iṣẹ́ náà dunjú. Bí aago ìjọ bá ti lù láàárọ̀, màá gbàdúrà, màá lọ wọ bàtà ilé ìwé mi, màá sì jókòó ti ọmọ tí wọ́n bá fi sí ìkáwọ́ mi. Ohun tí ọwọ́ ọmọ náà kò bá lè ṣe, ọwọ́ mi á bá a ṣe é. Ìfẹ́ ni mo pe ìyẹn. Chinatsu, ọmọ ọdún mẹ́wàá, àti Tíṣà Iwasa ni Ọlọ́run fi là mí lójú.

Ọwọ́ Chinatsu máa ń gbọ̀n. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, ọ̀rọ̀ sì máa ń falẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bá jáde tán, ó máa ń mú bí abẹ. Lọ́dọ̀ Tíṣà Iwasa ní kíláàsì àkànṣe ló ti ń kọ́ ìṣirò àti ìwé kíkọ. Tó bá di ọ̀sán, á lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rìndínlógún ní kíláàsì kẹrin, wọ́n á jọ jẹun.

Lọ́dọ̀ wa, àwọn ọmọ ló ń bu oúnjẹ fún ara wọn. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni iṣẹ́ náà ń yí kiri. Àwọn tó bá kàn á wọ aṣọ àwọ̀lékè funfun, wọ́n á dé fìlà, wọ́n á lọ gbé ìkòkò wá láti ilé ìdáná. Ẹnìkan á bu ìrẹsì, ẹnìkan á bu ọbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ títí abọ́ gbogbo ènìyàn yóò fi pé. Bí ìkòkò ọbẹ̀ bá padà sí ilé ìdáná lófìfo, ẹ̀yẹ ẹni tó bù ú ni.

Lóṣù kọkànlá, ọbẹ̀ kan Chinatsu.

Ní ọjọ́ Ajé, mo dúró tì í, mo sì fi ọwọ́ mi lé ọwọ́ rẹ̀ lórí ìpọnbẹ̀. Tíṣà Hirayama, ọ̀dọ́kùnrin oníwà tútù tó ni kíláàsì náà, ń sọ pé, "Rọra, Chinatsu. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́." Àwọn ọmọ náà gbè é: "Rọra o!" Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni ọbẹ̀ ń dà sórí tábìlì. Ó gbà wá tó ogún ìṣẹ́jú.

"Ẹ wo ọbẹ̀ mi," ni Tetsuya wí, ọmọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. "Ó ti di omi òkun. Ó tutù, ó sì níyọ̀."

Chinatsu dá a lóhùn pé, "O ṣáà jọ ẹja. Máa lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí a pàdé ní yàrá àwọn olùkọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Tíṣà Hirayama ní òun kò fẹ́ kí ojú máa ti ọmọ náà mọ́. Kí ó máa pín bébà ìnuwọ́, kí ẹlòmíràn máa bu ọbẹ̀. Tó bá sì wù ú, kó máa jẹun ní kíláàsì àkànṣe níbi tó ti rọrùn. Ọ̀gá ilé ìwé mi orí pé òun gbà. Èmi náà mi tèmi.

Tíṣà Iwasa nìkan ni kò mi orí. Obìnrin kúkúrú ni, ó ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, ìwé pélébé kan kì í sì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tíṣà Hirayama, ẹ jọ̀ọ́, ta ló da odindi ìkòkò ọbẹ̀ nù lóṣù kẹrin?"

"Tetsuya ni."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"A nu ilẹ̀. A lọ tọrọ díẹ̀díẹ̀ ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan."

"Ṣé ẹ gba ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀?"

Tíṣà Hirayama ní rárá. Ọ̀gá wá ní, "Ó dáa, títí di ọjọ́ Ẹtì. Tí kò bá yí padà, ohun tí Tíṣà Hirayama sọ la máa ṣe."

Ṣé ọmọdé kì í gbọ́ tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀? Bí mo ṣe ń bá Chinatsu so bàtà rẹ̀, ó béèrè pé, "Màmá Fumie, ṣé wọ́n fẹ́ gba ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́ mi ni?"

"Wọ́n fẹ́ràn rẹ ni, ọmọ mi."

"Tí wọ́n bá fẹ́ràn mi, kí wọ́n jẹ́ kí n bù ú fún wọn. Gbogbo wọn ló ti bu fún mi."

Mo so bàtà kejì fún un.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Tíṣà Iwasa ní kí a ṣe bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kọ̀wé. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó pè mí.

"Màmá Fumie, ẹ má bínú sí mi. Ẹ wo ibí."

Kò ka iye ọbẹ̀ tó dà nù. Ìgbà tí ọwọ́ náà gbọ̀n ló kọ sílẹ̀. Abọ́ àkọ́kọ́, tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ̀rọ̀: ó gbọ̀n díẹ̀. "Rọra" àkọ́kọ́: ó gbọ̀n gan-an. Ìgbà tí ọwọ́ Màmá Fumie bà á: ó gbọ̀n ju ti gbogbo ìgbà lọ.

Ojú tì mí débi pé mo fi ọwọ́ mi méjèèjì pamọ́ sábẹ́ aṣọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, a jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté, lọ́dọ̀ Kansaku, bàbá bàbá Chinatsu, tó jẹ́ apẹja. A bá ọmọ náà nínú ọkọ̀, ó ń fi ike gbọ́n omi jáde.

"Bàbá, ṣé kì í dà á nù?" ni Tíṣà Iwasa béèrè.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ha! Dídà nù náà ṣáà ni iṣẹ́ ẹ̀, Tíṣà! Àmọ́ ẹ wo ìgúnpá ẹ̀."

A wò ó. Ó fi ìgúnpá ti etí ọkọ̀, ike náà sì wà nísàlẹ̀, nítòsí orúnkún rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bá a sọ̀rọ̀. Ike náà kò kọlu ara ọkọ̀ rárá.

Ní ọjọ́rú, Tíṣà Iwasa gbé ìkòkò ọbẹ̀ kúrò lórí tábìlì gíga sórí àga kékeré. Ó tẹ́ aṣọ tútù sábẹ́ rẹ̀ kó má baà yọ̀. Ó gbé tábìlì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ìgúnpá, ó sì ní kí àwọn ọmọ máa gbé abọ́ wọn kalẹ̀, kí wọ́n má dì í mú. Lẹ́yìn tí ó ti gba àṣẹ lọ́wọ́ Chinatsu, ó bá kíláàsì sọ̀rọ̀.

"Ẹ má sọ pé rọra fún un mọ́."

"Kí la máa wá sọ?"

"Ohun tí ẹ máa ń sọ fún Tetsuya."

"A máa ń ní kó yára, ọ̀lẹ!"

"Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Èmi, ẹ̀yìn kíláàsì ni wọ́n ní kí n jókòó sí. Ọwọ́ mi méjèèjì di ara wọn mú bí ìgbà tí mo bá kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, wọ́n sì nílò rẹ̀, torí pé abọ́ kẹfà dojú dé. N kò dìde. Tíṣà Iwasa náà kò mira. Chinatsu mú aṣọ, ó nu tábìlì fúnra rẹ̀, ó sì mú ìpọnbẹ̀ padà. Ní ọjọ́bọ̀, kò da abọ́ kankan.

Ọjọ́ Ẹtì dé. Ọ̀gá ilé ìwé wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọbẹ̀ ẹ̀wà sóyà tí à ń pè ní míso ni, tí wọ́n fi tófù, ìyẹn wàrà sóyà, àti ewé òkun sè. Chinatsu fi ìgúnpá ti tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú. "Yára, ọ̀lẹ!" ni wọ́n ń pariwo, òun náà sì ń dá wọn lóhùn pé, "Ẹ ò jẹun nílé yín ni?" Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, abọ́ gbogbo ènìyàn ti pé.

Àmọ́ ọbẹ̀ ṣẹ́ kù nínú ìkòkò. Ìgbà yẹn ni mo tó rí ohun tí a ti ń ṣe láti ọjọ́ Ajé. Àwọn ọmọ tó máa ń jà nítorí àfikún kò béèrè àfikún lọ́wọ́ Chinatsu rí. Torí ọ̀wọ̀ ni, wọn kò fẹ́ dà á láàmú. Ojoojúmọ́ ni ìkòkò rẹ̀ sì ń padà pẹ̀lú ọbẹ̀ nínú. Chinatsu jókòó, ó ń wo ìkòkò náà, kò jẹun.

Tetsuya gbé abọ́ rẹ̀ mu lẹ́ẹ̀kan, ó dìde.

"Chinatsu, fún mi sí i. Má fi tófù dù mí bíi ti àná o."

"Lọ tò."

"Ẹ̀yìn ta ni kí n tò sí?"

Nígbà tó fi máa bojú wẹ̀yìn, ènìyàn mẹ́fà ti tò sẹ́yìn rẹ̀. Tíṣà Hirayama ló wà níkẹyìn, pẹ̀lú abọ́ tirẹ̀. Ó la ẹnu, mo rí i pé "rọra" ti dé etè rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Kíá, Chinatsu. Ebi ń pa mí."

"Tíṣà, ẹ gbé abọ́ yín kalẹ̀ ná."

Chinatsu mú kí ìkòkò tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ìpọnbẹ̀ ha ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì da ìyókù sínú abọ́ olùkọ́ rẹ̀. Ewé òkun kan lẹ̀ mọ́ etí abọ́ náà. Tíṣà Hirayama fi ìka mú un, ó jẹ ẹ́, ó sì tẹrí ba fún un. Ọ̀gá ilé ìwé yọ́ jáde. Ẹnikẹ́ni kò sì sọ̀rọ̀ bébà ìnuwọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Chinatsu àti Tetsuya gbé ìkòkò lọ sí ilé ìdáná, èmi sì ń tẹ̀lé wọn lókèèrè. Olórí àwọn asè ṣí ìdérí, ó wo inú rẹ̀.

"Ta ló bu ọbẹ̀ kíláàsì kẹrin lónìí?"

Tetsuya la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó dúró de ọ̀rọ̀ náà títí ó fi jáde lẹ́nu ẹni tó ni ín.

"Èmi ni," ni Chinatsu wí.