Ilé Ìrántí Tí Kò Ní Fèrèsé

Lọ́jọ́ tí ìròyìn dé pé àwòrán ilé ìrántí ogun tí ayàwòrán-ilé kan yà ló gbégbá orókè, ṣe ni wọ́n ń kí i kú oríire káàkiri ibiṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro ó. Àmọ́ nígbà tó ku òun nìkan, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kò tíì rí àwòrán náà, bẹ́ẹ̀ ọkọ ẹ̀gbọ́n yìí wà lára ogójì ọkùnrin tí àwọn ológun tì mọ́ yàrá ìkẹ́rùsí kan nígbà ogun. Wọ́n kú síbẹ̀ torí wọn ò rí afẹ́fẹ́ mí sínú.

Nírọ̀lẹ́, ó gbé ilé kékeré tó fi páálí ṣe bí àpẹẹrẹ ilé ìrántí náà lọ fi hàn án. Obìnrin náà wò ó yípo.

"Àbúrò mi, fèrèsé ńkọ́?"

"Kò sí, ẹ̀gbọ́n mi. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá wọlé mọ bó ṣe rí lára wọn."

"Fún ìṣẹ́jú mélòó?"

"Bíi márùn-ún."

"Kí wọ́n wá jáde lọ mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò." Ó rẹ́rìn-ín kíkorò. "Ìwọ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá tilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́ ọ ní kékeré, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ igbe rẹ! Ọkọ mi wá afẹ́fẹ́ títí ó fi kú. O tún wá kọ́ ilé mìíràn tí kò ní afẹ́fẹ́ fún un?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ayàwòrán-ilé náà pe akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó yan iṣẹ́ náà, ó bi í bóyá òun lè fi fèrèsé sí i.

"Àìní fèrèsé yẹn gan-an ló wú wa lórí," akọ̀wé wí. "Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹlòmíì la máa gbé iṣẹ́ náà fún. Ẹ rò ó dáadáa o."

Ó rò ó. Ọdún méjìlá ló ti fi ń ya ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìkẹ́rùsí fún àwọn olówó, irú iṣẹ́ yìí kò sì bọ́ sí i lọ́wọ́ rí. Síbẹ̀, ó mú àwòrán náà padà lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ọkọ yín, báwo ni wọ́n ṣe ga tó?"

Obìnrin náà dìde. Ó lọ síbi ògiri, ó na ọwọ́ sókè díẹ̀ ju orí ara rẹ̀ lọ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e.

"Imú rẹ̀ dé ibí."

Àbúrò rẹ̀ wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀. Ó wá jókòó ti tábìlì, ó tẹ́ àwòrán náà sílẹ̀, ó mú pẹ́ńsù, ó sì ya fèrèsé kan síbi gíga yẹn.