Orí Kéèkì Súnmọ́lá

Oòrùn ìyálẹ̀ta ti gba ojú fèrèsé wọlé, ó tẹ́ ara rẹ̀ sórí kéèkì bí aṣọ tí wọ́n sá. Oòrùn tẹ́ pẹrẹsẹ. Kéèkì kò tẹ́.

Mọ́rẹ́nikẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ojú kan, ó fi ojú kejì wò ó, ó ń fi igi fèrèsé ṣe òṣùwọ̀n. Apá ọ̀tún ga. Gíga náà kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gbé kéèkì mẹ́ta lé ara wọn kò gbọdọ̀ fojú di èékánná. Èyí tó bá yẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀, òkè ni yóò ti wó.

Ó mú ọ̀bẹ gígùn eléyín wẹ́wẹ́. Ó gé e. Ó yí i. Ó wò ó. Apá ọ̀tún tún ga.

Ó gé e, ó ga. Ó ga, ó gé e. Èérún ń já bọ́ sórí tábìlì, èérún ń lẹ̀ mọ́ ọn lápá. Kéèkì tó ti inú ààrò jáde láàárọ̀ kùtù ní gíga ìka mẹ́rin ti ń lọ sí ìka méjì.

Ogún ọdún ni Mọ́rẹ́nikẹ́ fi ṣe kéèkì ní Ìkìrun. Ó mọ̀ pé àárín kéèkì a máa wú bí etí rẹ̀ bá tètè gbẹ. Ó mọ̀ pé a kì í gé e ní gbígbóná. À á dúró kó tutù, kó gbàgbé iná. Ó mọ̀ pé áísìn àkọ́kọ́, ṣúgà pípò tí a fi ń bo kéèkì, èyí tó fẹ́lẹ́, kì í ṣe ti ẹwà, èérún ló wà láti dì mú. Ìkejì ni ẹwà. Ó mọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ kì í gbé apá tó ti rẹ̀ sókè.

Ó ti rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe àárẹ̀ òní. Àárẹ̀ oṣù mẹ́rìnlá ni, láti ọjọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gbé Gbádébọ̀ ọkọ rẹ̀ ṣánlẹ̀ níbi iṣẹ́. Àárẹ̀ gbígbé e dìde, àárẹ̀ gbígbé e jókòó. Àárẹ̀ fífi ṣíbí bọ́ ọkùnrin tó ti fi ọwọ́ méjèèjì bọ́ ilé. Láti ọjọ́ náà, Mọ́rẹ́nikẹ́ kò po ìyẹ̀fun mọ́ títí di àárọ̀ òní. Bẹ́ẹ̀dì aláìsàn gba pálọ̀, tábìlì kéèkì sì di èrò ilé ìdáná lẹ́yìn.

Ọ̀la ni Súnmọ́lá, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ń ṣe ìgbéyàwó. Ọmọ náà kò béèrè ohun púpọ̀. "Màámi, ẹ má jẹ́ ká ra kéèkì," ló wí. "Tiyín ni mo fẹ́ gé." Òun nìyẹn. Bí kéèkì kò bá wá tẹ́jú, ìyá rẹ̀ ni yóò tẹ́ lójú àna.

Ó gé e. Ó ga.

Gbádébọ̀ wà lórí àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti lè máa rí i. Orí rẹ̀ tẹ̀ sápá kan, ẹnu rẹ̀ tẹ̀ sápá kan. Bíríkìlà ni. Kí wọ́n tó na okùn mọ́ ògiri, ojú rẹ̀ á ti rí búlọ́ọ̀kù tó yọ àti èyí tó rì. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé yìí sórí àpáta, yàrá kan lọ́dún kan. Nísinsìnyí, ìró lásán ló kù lẹ́nu rẹ̀.

"Un-un," ló ń wí, ó ń na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí ilẹ̀. "Un-un."

Mọ́rẹ́nikẹ́ rò pé ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó gbé ike ìtọ̀ wá. Ọkùnrin náà mi orí. Ó bu omi wá. Ó tún mi orí.

"Baba Súnmọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣe èyí tán." Ohùn rẹ̀ gbẹ. "Ó ti rẹ̀ mí."

Ó padà sídìí ọ̀bẹ. Lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọ́ ọkùnrin náà tó ń mí, tó ń wá nǹkan kan nínú ara rẹ̀, bí ẹni tó ń fa korobá láti inú kànga jíjìn.

"Ẹsẹ̀," ni Gbádébọ̀ wí. Ó sinmi. "Ẹsẹ̀ tábìlì."

Ọ̀bẹ dúró lókè.

Mọ́rẹ́nikẹ́ bu omi díẹ̀ sínú àwo pẹrẹsẹ, ó gbé e sórí tábìlì. Omi sáré lọ sápá òsì, ó fi apá ọ̀tún sílẹ̀ ní gbígbẹ. Ilẹ̀ ilé ìdáná ni kò tẹ́jú, níbi tí àpáta ti gbé sìmẹ́ńtì sókè. Gígé àkọ́kọ́ ti tọ́. Gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e ló ba a jẹ́.

Kò bínú nítorí kéèkì. Ohun mìíràn ló gún un láyà. Láti ìgbà tó ti kọ́kọ́ mú ọ̀bẹ ni ọkùnrin yìí ti ń sọ ọ́. Oṣù mẹ́rìnlá. Ìró mélòó ló ti jẹ́ ọ̀rọ̀, tí òun fi ike ìtọ̀ dá lóhùn?

Ó ká páálí, ó ki í sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì méjì tó wà lápá òsì. "Ṣó tó?"

Gbádébọ̀ di ojú kan. Ó wò ó pẹ́. "Díẹ̀ sí i."

Ó fi díẹ̀ sí i.

"Ó tó."

Ó dojú kéèkì náà délẹ̀, kí ìdí rẹ̀ tí agolo ti tẹ̀ dán lè di orí. Ó fi áísìn tó nípọn kún abẹ́ ibi tó ti gé jù. Ó ti ọ̀bẹ pẹlẹbẹ bọ omi gbígbóná, ó nù ún, ó fi lé orí áísìn. Ọwọ́ dúró, kéèkì ń yí. Funfun ń ṣàn lórí funfun, kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀. Ó tẹ́. Ó tẹ́ bí omi inú ìkòkò tí ẹnikẹ́ni kò tíì bù.

Kéèkì méjì ṣì kù. Kò tíì lè dìde sí wọn. Ó nu ọwọ́, ó fa àpótí ìjókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó jókòó.

"Láàárọ̀, nígbà tí mo ń wẹ̀ yín, ẹ sọ nǹkan kan," ló wí. "N kò gbọ́ ọ. Kí lẹ wí?"

Gbádébọ̀ ṣí ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà jìn. Ó ń fà á bọ̀, ó ń fà á bọ̀, kò tíì dé.

Mọ́rẹ́nikẹ́ kò gbé ike, kò bu omi. Ó ń dúró. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì ń dúró.