Àrọ̀ Tó Kọ̀ Láti Lọ

Múdàṣírù fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ojú omi adágún náà, pàá, pàá, àwọn àrọ̀ sì ya bò ó. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán. Ẹnu wọn là sílẹ̀, irùngbọ̀n wọn ń jó lójú omi, wọ́n ń retí oúnjẹ. Bó ṣe kọ́ wọn nìyẹn láti ìgbà tí wọn kò tíì ju ìka ọwọ́ lọ: kó tó da oúnjẹ, yóò kọ́kọ́ gbá omi. Láàárọ̀ yìí, kò sí oúnjẹ. Ó ti àwọ̀n bọ abẹ́ wọn, ó kó wọn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì rù wọ́n gba ẹ̀yìn ilé lọ sí kọ̀rọ̀ odò tó ti fi àwọ̀n sé lánàá.

Ẹ̀yìn Egan ni ilé ìgbafẹ́ náà wà, níbi tí ilé ti tán tí igbó ọparun ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń pe èèyàn wá síbẹ̀ ni odò, àti pátákó tí Àǹtí Charity, ẹni tó ni ibẹ̀, gbé sẹ́nu ọ̀nà: Ẹ wá fi ọwọ́ ara yín pẹja. Múdàṣírù ló ń sin ẹja inú adágún, òun náà ló ń mú àlejò lọ sódò. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ọ̀hún. Orí fóònù ló ti rí bí àwọn òyìnbó ṣe ń di ìyẹ́ àti òwú mọ́ ìwọ̀ títí tí yóò fi dà bíi kòkòrò, tí ẹja yóò sì gbà á gbọ́. Ó dì í, ó tú u, ó tún un dì, títí ó fi yé e pé ìyẹ́ ọrùn àkùkọ ló ń léfòó jù, pé òwú télọ̀ tí a bá fi ìda oyin pa kì í yọ̀.

"Àlejò ọ̀la yìí ò gbọdọ̀ lọ lọ́wọ́ òfo o," ni Àǹtí Charity ti wí lánàá. "Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti òkè òkun dé pọ̀. Tínú ẹ̀ bá dùn, gbogbo wọn ló ń bọ̀. Màá gba èèyàn kún yín, ìwọ ni màá sì fi ṣe ọ̀gá wọn."

"Àǹtí, odò yẹn ní ẹja."

"Odò ní ẹja, kò ní ìlérí. Kó ti adágún síbẹ̀, jàre."

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Bí àwọn àlejò tó ti wá sẹ́yìn bá ti fa àrọ̀ sókè, wọ́n á pariwo, wọ́n á ya fọ́tò, ó di orí iná; ata ti wà ní lílọ̀. Ẹja á sì bá àṣírí ara rẹ̀ lọ. Múdàṣírù a máa sọ fún ara rẹ̀ pé ẹja náà ni ẹja ń jẹ́.

Alhaji Abdulganiyy, àlejò náà, dé nígbà tí oòrùn yọ. Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ti wa bọ́ọ̀sì ní Skọ́tíláńdì títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Akẹ́san. Ó gbé ọ̀pá ìpẹja rẹ̀ mọ́yà, ó fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n, díẹ̀díẹ̀, láìdúró.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ìwọ ni wọ́n ní o mọ ilé ẹja?"

"À ń gbìyànjú, sà."

Bí wọ́n ṣe ń lọ ni bàbá ń sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa sámọ̀nù, ẹja tó ń ti inú òkun gun odò padà síbi tí wọ́n ti bí i, tó ń fo ìtàkìtì omi bí ẹni fo odi. Lọ́dọọdún ló máa ń lọ sí ilé ìgbafẹ́ kan nínú igbó lọ́hùn-ún, tí afinimọ̀nà á mú un wọ odò.

"Omi yẹn tutù débi pé bí ẹja bá gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi jẹ, ó di ilé kí n tó mọ̀."

Múdàṣírù rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò wá rí ọ̀kan pa, sà?"

"Ọ̀kan ṣoṣo, n kò rí. Ọkùnrin yẹn á kàn ní, 'Odò ò fún wa lónìí,' a ó sì máa lọ sílé." Ó gbé ọwọ́ tó ń gbọ̀n sókè, ó wò ó. "Èyí ń lọ, Múdà. Mo fẹ́ mọ bí pípa ẹja ṣe ń rí kó tó lọ tán."

Ohun tí Múdàṣírù dì mọ́ ìwọ̀ bàbá kì í tiẹ̀ ṣe kòkòrò. Òwú aláwọ̀ ilẹ̀ ni, ó yí i róbótó bíi kóró oúnjẹ inú àpò tí àwọn àrọ̀ náà ń jẹ.

Nígbà tí wọ́n dé kọ̀rọ̀ odò, bàbá ju okùn, ó ká jọ lójú omi. Ó tún un jù, ó tún ká jọ.

"Ẹ jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ ṣe é, sà. Ẹ jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ máa sùn."

Bàbá fi ìgbọ̀nwọ́ jù ú. Okùn náà nà tọ́ọ́rọ́. Ìwọ̀ kò tíì balẹ̀ dáadáa tí omi fi là, tí ọ̀pá tẹ̀ kọrọdọ.

"Allahu! Múdà, ó mú u! Ó mú u o!"

Ìjàkadì náà kò pẹ́. Múdàṣírù gbé àrọ̀ náà lé bàbá lọ́wọ́, ó tóbi, ó ń dán, omijé sì ń bọ́ lójú arúgbó náà sórí rẹ̀.

"Ọlọ́run á gbé ọ ga. Ohun tí ò ń wá kiri, wàá rí i. Irọ́ ò ní wọlé tọ̀ ọ́."

"Àmín, sà," ni Múdàṣírù wí.

Bàbá kúnlẹ̀, ó rọra ń sọ ẹja náà kalẹ̀ sínú omi.

"Sà! Ẹ ò ní gbé e lọ sílé?"

"Ó tì o. Ohun tí mo wá, mo ti rí i. Jẹ́ kó lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀."

Láti ọjọ́ tí Múdàṣírù ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ta ló pa àrọ̀ tó dá a padà? Àrọ̀ náà rì, ó yí po, ó sì padà wá dúró lẹ́bàá orúnkún bàbá.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Lọ, jàre. Mo ní kí o máa lọ!"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣan ọwọ́ tó ń yọ̀ nítorí ara ẹja. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n, ó sì ń gbá ojú omi, pàá, pàá, pàá.

Orí dúdú kan yọ. Òmíràn yọ. Kò pẹ́ tí gbogbo kọ̀rọ̀ náà fi kún fún ẹnu tó là sílẹ̀, wọ́n ń ti ara wọn síwájú, wọ́n ń retí.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti Múdàṣírù kò tilẹ̀ rìn jìnnà. Abẹ́ omi níbẹ̀ ló wà.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu bàbá. Ó wo àwọn ẹja, ó wo etí àwọ̀n tó yọ láàárín koríko, ó wá wo Múdàṣírù.

"Wọ́n mọ̀ ọ́," ló wí.

Orúkọ Àǹtí Charity wá sí Múdàṣírù lẹ́nu, ó gbé e mì. Ọwọ́ Àǹtí kọ́ ló ń gbá omi fún wọn láràárọ̀.

"Èmi ni mo sìn wọ́n, sà. Òwúrọ̀ yìí ni mo kó wọn síbí. Ẹ jọ̀ọ́."

"Àdúrà tí mo ṣe yẹn ńkọ́?"

Múdàṣírù wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ń dá àdúrà padà sí. Ó na ọwọ́ sí òkè odò.

"Odò gan-an wà lókè, sà, lẹ́yìn ọparun. Kò dájú. A lè má rí nǹkan kan."

Bàbá nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó dìde.

"Àìdájú yẹn gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ wá."

Omi òkè ń yára. Bí afẹ́fẹ́ bá yí, a máa gbé òórùn ààtàn Solous wá. Múdàṣírù lóṣòó, ó kọ́kọ́ wo ohun tó ń já bọ́ sójú omi: àwọn kòkòrò dúdú tín-ín-tìn-ìn, abìyẹ́. Ó já òwú, ó fi eyín di ìwọ̀ mú, ó we ìyẹ́ dúdú mọ́ ọn, ó sì gé e kúrú. Bàbá ń wò ó. Múdàṣírù ṣàlàyé pé ẹ̀yìn òkúta ni ẹja ń sinmi sí, níbi tí omi ti fọ́ sí méjì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n létí ara rẹ̀, ó dún bí ọ̀rọ̀ tó yá lò.

Oòrùn kan àtàrí. Kò sí nǹkan kan. Wọ́n sún sókè, wọ́n tún sún. Ọwọ́ bàbá ń gbọ̀n sí i, Múdàṣírù sì ń ti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ nísàlẹ̀. Ìgbà tí òjìji ọparun dé àárín odò ni okùn náà ta pọ́n-ún.

Epìyà ni, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bàbá kò pariwo. Ó gbé e wo lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé e wo lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ó tẹ ọwọ́ rẹ̀ sínú omi. Kó tó la ìka tán, ẹja ti lọ. Omi padé, ó ń ṣàn lọ bí ẹni pé ohunkóhun kò sí níbẹ̀ rí.

"Kékeré ni," ni bàbá wí.

"Kékeré ni, sà."

Múdàṣírù dúró de àdúrà. Kò wá. Bàbá ká okùn rẹ̀ jọ, ó tún fi aṣọ wé ọ̀pá náà, ó kọjú sọ́nà ilé.

"Ó dáa," ló wí, láìwẹ̀yìn.

Múdàṣírù tẹ̀ lé e. Ojú ṣì ń tì í débi pé kò lè bá a rìn ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Àǹtí Charity yóò bèèrè fọ́tò àrọ̀ ńlá, kò sì ní rí i. Ọ̀rọ̀ ṣíṣe ọ̀gá ti tán nìyẹn. "Ó dáa" yẹn nìkan ló rí gbà lọ́jọ́ náà. Ó ń yí i wò lọ́kàn bó ṣe ń rìn, ó sì rí i pé òun lè gbé e délé.