Ìlà Kan Tó Pe Ìdílé Ìyá

Ìyá Florence kò tíì tú gèlè ìsìn òwúrọ̀ tán tí Ìbùkún, ọmọ Florence, fi gbé kọ̀ǹpútà lé e nítan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Ṣakí.

"Màmá, ẹ wo ìkànnì ẹbí tí mo ṣe. Ẹ ó rí i pé èmi àti Dáníẹ́lì ò bára wa tan."

Ọmọ Ofiki ni Dáníẹ́lì. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí àwọn èèyàn rẹ̀ wá tọrọ Ìbùkún. Ìbùkún tẹ orúkọ àwọn méjèèjì. Kọ̀ǹpútà dáhùn: kò sí ìbátan.

Ìwé tí Ìyá Florence mọ̀ kò ju kó ka orúkọ lọ, síbẹ̀ ó rí i pé orúkọ àwọn bàbá nìkan ló wà níbẹ̀.

"Àwọn ìyá dà? Àbí bàbá ló lóyún yín?"

"Wọ́n wà ńbẹ̀, Màmá. Gbogbo èyí tí ẹ pè fún mi ni mo kọ, Dáníẹ́lì náà sì ti kọ tiwọn sí i láti Ofiki. Kọntírólà tó ń darí ojú ìwé yìí, mọ́dẹ́lì ìdílé bàbá, àpò tí orúkọ wọn wà, nìkan ló ń rán níṣẹ́. Tí n ò bá pe mọ́dẹ́lì ìdílé ìyá kún un, kò ní dá sí i."

"Alákọ̀wé! Ta ní í wádìí àna tí í fi ìdílé ìyá sílẹ̀? Pè é, jàre."

Ìbùkún rẹ́rìn-ín. Ó kọ ìlà kan ṣoṣo kún iṣẹ́ rẹ̀, ó tún orúkọ méjèèjì tẹ̀.

Ẹ̀rín kú sí i lẹ́nu.

Lókè orúkọ ìyá rẹ̀ àti ìyá Dáníẹ́lì, orúkọ mẹ́ta ti yọ: Jùmọ̀kẹ́, Àbíkẹ́, àti lókè wọn, bàbá wọn, Ọ̀jẹ̀túndé ará Komu.

Jùmọ̀kẹ́ ni Ìyá Florence fúnra rẹ̀. Àbíkẹ́ ni àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà, tó sá tẹ̀lé ọkùnrin tí bàbá wọn kọ̀, lọ sí Pàràkú lẹ́yìn ẹnubodè, lọ́dún tí ọ̀dá pa ọkà Komu. Àádọ́ta ọdún rèé, ẹnikẹ́ni ò gbúròó rẹ̀.

"Mo gbé!" Ìyá Florence káwọ́ lérí. "Àbíkẹ́ tèmi?"

Ojú Ìbùkún ò kúrò lára kọ̀ǹpútà. "Màmá, tí mo bá pa ìlà yẹn rẹ́, á tún sọ pé kò sí ìbátan."

"Á sọ fún ta ni?"

Ìbùkún mú fóònù, ó pe Dáníẹ́lì, ó sì gbé ohùn rẹ̀ sí gbangba kí Ìyá Florence lè gbọ́.

"Ìyàwó mi!" ni Dáníẹ́lì fi dáhùn.

"Má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyá tó bí ìyá rẹ, ṣé wọ́n ṣì wà?"

"Ìyá àgbà? Ìjẹta la gbé wọn dé láti Pàràkú nítorí tiwa. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí níbí. Kí ló dé?"

Ìbùkún na fóònù sí Ìyá Florence. Ó gbà á. "Dáníẹ́lì, gbé fóònù fún ìyá àgbà rẹ. Sọ fún un pé Jùmọ̀kẹ́ ni."