Ìgò Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Tihomir

Ohùn tó ń ti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Tihomir jáde dà bíi ti ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, tó ń mu omi láìsinmi. Gbúlú. Gbúlú-gbúlú. Bí Tihomir bá wúkọ́, ẹni abẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà á gbé omi mì kíkankíkan. Bó bá rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí kò léyín lẹ́nu.

Ìgò ni. Tihomir mọ̀ pé ìgò ni. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ràn lára ògiri wọ́ọ̀dù, síbẹ̀ kò jẹ́ bojú wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn.

Wọ́n ti gé lára ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Wọ́n rán ojú ibẹ̀, wọ́n fi gọ́ọ̀mù iṣẹ́ abẹ kùn ún, wọ́n sì ti rọ́bà bọ ìhà rẹ̀, kí atẹ́gùn tó bá yọ́ jò lè gba ibẹ̀ lọ sínú omi inú ìgò. Bí gọ́ọ̀mù bá mú, omi ò ní hó mọ́. Omi ń hó. Láàárọ̀, Dókítà Vukosava, obìnrin gíga tí ohùn rẹ̀ kì í ga, ti tẹjú mọ́ ọn títí.

"Bó bá ṣì ń hó báyìí lọ́la, Tihomir, a ó padà sínú àyà rẹ, ká tún un lẹ̀."

"Ẹ ó tún là mí?"

"A ó tún là ọ́."

Látìgbà náà ló ti ń bẹ ìgò pé kó panu mọ́.

"Má yọ ara ẹ lẹ́nu," ni Gvozden wí, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì. "Irú ẹ̀bẹ̀ yẹn ni mo bẹ ìyàwó mi. Ṣe ló lọ pe ìyá rẹ̀ wá ràn án lọ́wọ́."

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì àti ìgò, ni Àǹtí Stamenka, ẹ̀gbọ́n ìyá Tihomir, ti já wọlé pẹ̀lú ọbẹ̀ adìẹ. Kò tíì kí ẹnikẹ́ni tó fi pa fèrèsé dé gbàgà.

"Ta ló fẹ́ pa ọmọ mi? Fèrèsé ṣí, ilẹ̀kùn ṣí! Promaja!"

Promaja ni atẹ́gùn tó gba ibí wọlé tó gba ọ̀hún jáde. Nílùú wọn, òun ló ń wọ́ ẹnu èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun ló ń ká ẹ̀yìn arúgbó kò. Kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn. Gvozden pàápàá, pẹ̀lú gbogbo ẹnu rẹ̀, fa bùláńkẹ́ẹ̀tì dé àgbọ̀n.

Gbúlú.

"Kí nìyẹn?"

"Atẹ́gùn ni, Àǹtí. Ó ń gba ara mi kọjá."

"Ó ń gba ara rẹ kọjá, o sì sùn kalẹ̀ bí ọ̀lẹ!" Ó ṣe àmì àgbélébùú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tún bùláńkẹ́ẹ̀tì ṣe níhìn-ín, ó ń kì í bọ abẹ́ tìmùtìmù lọ́hùn-ún, ó ń kùn sínú. Nígbà tó kọjá síta, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì dákẹ́ lọ́ọ́lọ́ọ́.

"Ó ti mú!" Gvozden pàtẹ́wọ́. "Gọ́ọ̀mù ti mú o!"

Tihomir sunkún ayọ̀. Wọn ò ní là á mọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run sókè ketekete.

Gvozden yíjú padà. "Ta ló sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni."

"Irọ́ ni. Ibo ni Tihomir wà?"

Lóòótọ́, ohùn náà tín-ín-rín, bíi ti ọmọdé tí wọ́n di nímú. Tihomir fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Awọ ara rẹ̀ dún lábẹ́ ìka, wùrù-wùrù, bí ẹsẹ̀ tó ń tẹ yìnyín gbígbẹ. Ẹnìkan ń rìn lábẹ́ awọ rẹ̀. Ó rìn kúrò lọ́rùn, ó gun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó dé ìpéǹpéjú, ó sì ń ti ojú rẹ̀ dé díẹ̀díẹ̀. Èémí rẹ̀ ń kúrú.

"Dókítà!" Gvozden fi ohùn awakọ̀ bọ́ọ̀sì ké. "Ẹ wá wo nǹkan tó wọ Tihomir!"

Vukosava sáré dé. Kò wo ojú tó wú náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣí bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó fọwọ́ tọ rọ́bà lọ, ó sì kan okùn pupa, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọmọ tuntun lọ́wọ́ nítorí ojú burúkú. Àǹtí ti ká rọ́bà sí méjì, ó dì í gírígírí kí promaja má bàa rọ́nà wọlé. Atẹ́gùn tí kò rọ́nà jáde ló sá sábẹ́ awọ.

Dókítà gé okùn náà. Ìgò bú ramúramù.

Tihomir fetí sí i. Èémí rẹ̀ ń padà, bẹ́ẹ̀ ni ihò náà ṣì wà nínú àyà rẹ̀, tó ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ má dúró dọ̀la," ló fi ohùn ọmọdé yẹn wí. "Ẹ gbé mi lọ."

Wọ́n là á. Vukosava bomi sínú àyà rẹ̀, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń wo omi bí fọkanáísà tó ń wá ibi tí táyà ti jò. Ẹ̀gbẹ́ gọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ló ti hó. Ó nù ún gbẹ, ó fi gọ́ọ̀mù tuntun bò ó, ó ní sùúrù, ó tún bomi sí i. Omi náà tòrò.

Nígbà tí Tihomir jí, Àǹtí Stamenka wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti pàṣẹ pé kó dúró síbẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i.

"Wúkọ́," ni Vukosava wí.

Ẹ̀rù bà á. Ó wúkọ́. Omi ìgò gòkè, ó sọ̀kalẹ̀. Kò hó.

"Ó ti kú?" Gvozden sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ta ló kú?"

"Ìgò."

Ẹ̀rín dé ọ̀fun Tihomir, ó gbé e mì. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì ná, ó fi ìka tọ rọ́bà láti ìhà rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, títí ọwọ́ rẹ̀ ò fi tó o mọ́. Lẹ́yìn náà ni Vukosava bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì bá a tọ ìyókù dé ìdí ìgò. Kò sí okùn níbẹ̀.