Àmì Tí Mo Fi Sórí Ọkọ̀

Èmi ni mo ba ọ̀ràn yìí jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bù mọ́ ọn.

Ọmọbìnrin mi ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Fódà kan wà nínú kọ̀ǹpútà ńlá wọn tí gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù máa ń lọ wò. Ibẹ̀ ni àwòrán iṣẹ́ gbogbo ọkọ̀ tó bá wọlé wà. “Oko” ni wọ́n kọ sí i, láìsí àmì kankan. Lánàá, mo jókòó sórí àga ọmọ mi níwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀, mo tẹjú mọ́ orúkọ náà. Ṣé oko tí à ń ro ni, àbí ọkọ tó fẹ́ mi sílé? Àbí èyí tó ń gbé inú ṣòkòtò? Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bọ́tìnì tẹ̀, mo bá fi àmì sí i: “Ọkọ̀”. Mo bá tèmi lọ sílé.

Ìgbà tí mo padà dé láàárọ̀ yìí, ariwo ti ta. Kọ̀ǹpútà kankan ò rí fódà náà mọ́. Ọkọ̀ oníbàárà wà lókè jáàkì, ẹnjìnnì rẹ̀ wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó rí àwòrán tí wọ́n máa fi tò ó padà.

Ọmọ mi lejú mọ́ Oníwáyà, ọkùnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn. “Ìwọ lo pa á rẹ́! Kó ẹrù ẹ, kó o máa lọ!”

Oníwáyà yẹ wáyà wò, wáyà pé. Ó lọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ńlá.

“Ọ̀gá, fódà náà ò sọnù. Wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà ni. Orúkọ àtijọ́ ni àwọn kọ̀ǹpútà tó kù ṣì ń pè, kò sì dáhùn.”

“Ta ló yí i? Èmi àtìwọ nìkan la láṣẹ. Ìwọ náà ni!”

Mo nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. “Ọmọ mi, èmi ni. Nǹkan ọkùnrin ni mo kà o!”

Àwọn mẹkáníìkì da ẹ̀rín bolẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dénú. Orúkọ tó tọ́ ni mo fún un lóòótọ́. N ò kàn sọ fún àwọn tó ń pè é ni, iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ.

Oníwáyà dá orúkọ náà padà, gbogbo kọ̀ǹpútà sì ṣí i wọ̀ọ̀.

Ọmọ mi fà sẹ́yìn díẹ̀. “Oníwáyà, má bínú, jàre. Ọ̀rọ̀ ti tán.”

Oníwáyà ń ká wáyà rẹ̀ sínú àpò.

“Ọ̀gá, ká ní Màmá ò wá lónìí ńkọ́?”